Egungun Rẹ Pé

Mo rántí ìró tí ẹsẹ̀ mi dún lọ́sàn-án ọjọ́ tí àwa tíṣà bá àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn gbá bọ́ọ̀lù. Ogun abẹ́lé ti parí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà n'Ílọrin, mo sì gbà pé mo mọ bọ́ọ̀lù gbá. Mo sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kan tí ọlọ́gbọ́n ìbá fi sílẹ̀, ni ẹ̀yìn ojúgun mi bá dún “pọ́!” Mo fi ìbínú yíjú padà: “Ta ló sọ mí lókò?” Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi. Iwájú ni gbogbo wọn wà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó síbẹ̀, n kò sì lè dá dìde mọ́.

Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò egungun ẹsẹ̀ náà. Ọkùnrin tó yà á gbé e sí ojú fèrèsé, ó ní, “Egungun yín pé, Tíṣà. Ẹ máa lọ sílé.” Mo dúpẹ́. N kò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ló máa dà mí láàmú.

Yìgì mi ti ń sún mọ́lé nígbà náà. Àdúgbò Gàmbàrí ni mo ti fẹ́ fẹ́yàwó. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi ń ta iṣu ní ọjà Ìpàta, ó sì lè wo iṣu lókèèrè kó sọ èyí tó ti ń rà nínú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ilé wa: àwọn alfa ti kọ́ àwọn òbí wa pé Ọlọ́run nìkan ni à ń forí kanlẹ̀ fún, nítorí náà ọkùnrin kì í nà gbalaja kí àgbà, ńṣe ló ń lóṣòó. Àna tó bá sì lóṣòó kò gbọ́dọ̀ dìde àfi tí wọ́n bá ní kó dìde. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn rọrùn, kó fi ẹ̀yìn ojúgun tó ń ro ó dán an wò.

Nígbà tí a lọ kí Bàbá, mo ká ẹsẹ̀ kan, èkejì sì nà síwájú gbọnrangandan. Díẹ̀ ló kù kí n fi da búta àlùwàlá rẹ̀ nù.

“Kí ló ṣe ẹsẹ̀?” ó bi mí.

“Bọ́ọ̀lù ni, Bàbá.”

Àbúrò bàbá mi tó sìn mí lọ rò pé òun ń gbèjà mi. “Wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀, Alhaji. Alihamdulilahi, egungun rẹ̀ pé!”

“Ó pé?” Bàbá wò mí bí ẹni wo iṣu. “Egungun pé, ẹsẹ̀ ò ká. A jẹ́ pé ìgbéraga ló wà ní oríkèé. Ọjọ́ tó bá lè lóṣòó, kó wá gba ìyàwó.”

Bí wọ́n ṣe sún yìgì síwájú nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni mo ń fi ara ti ògiri ilé-ìwé, tí mò ń kọ́ bí a ti ń lóṣòó bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Àfẹ́sọ́nà mi pàdé mi ní Ọjà Tuntun, ó wo ẹsẹ̀ náà títí.

“Kò tiẹ̀ wú mọ́. Àbí ẹ ò fẹ́ mi mọ́ ni?”

“Inú ló wà,” mo ní.

“Inú jìn,” ó dáhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ ti dé kí ẹsẹ̀ tó gbà. Mo lọ lóṣòó síwájú Bàbá, ó mi orí, ó sì yíjú sí ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ iṣu. Wọ́n sọ ti iṣu àná, wọ́n sọ ti ọ̀la. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Nígbà tó yá, ó bojú wẹ̀yìn: “Háà, o ṣì wà níbẹ̀? Dìde, ọmọ mi.”

Báyìí ni mo ṣe gba ìyàwó. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bí ó ṣe ń fi mí han àlejò ni pé, “Àna mi tíṣà nìyí, ẹni tí egungun rẹ̀ pé.” Ọmọ rẹ̀, ìyàwó mi, sì jogún ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá ní ó rẹ̀ mí, “Egungun yín pé,” ni ìdáhùn.

Láìpẹ́ yìí, ẹsẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Dókítà, ọmọdébìnrin kan, ní òun máa ṣe síkáànù rẹ̀. Mo bi í bóyá mo lóyún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìró ni ẹ̀rọ náà fi ń wo ẹran ara àti iṣan, èyí tí fọ́tò egungun kì í fi hàn. Ó fi nǹkan tútù ra ẹ̀yìn ojúgun mi, ó ń ti ẹ̀rọ náà lọ, ó ń tì í bọ̀, ó ń wo àwòrán lójú ẹ̀rọ. Ó dúró.

“Bàbá, iṣan yìí ti ya rí. Ó ti pẹ́ gan-an. Àpá rẹ̀ ló ń funfun níbí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ,” mo ní, “kí ẹ sì sọ ọ́ sókè. Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Ìyàwó mi wọlé, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó wo àpá náà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ju ogún ọdún lọ, ṣùgbọ́n n kò lè pe fọ́tò àtijọ́ yẹn ní onírọ́. Ohun tó lè rí ló sọ. Àwa la fi èyí tí kò rí kún un.

Nílé, ìyàwó mi kúnlẹ̀ síwájú àga mi. “Mo ń bá Bàbá mi tọrọ àforíjì,” ó ní. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó gbìyànjú láti dìde, kò ṣeé ṣe.

“Tíṣà, ẹ fà mí dìde o. Orúnkún ò gbà.”

Mo wò ó dáadáa. “Egungun rẹ pé,” mo ní.

Ẹ̀rín gbé wa. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì pẹ́ kí àwa méjèèjì tó lè dìde.