Bí A Ṣe Lọ Bẹ̀bẹ̀ ní The Woodlands

Mo rántí pé irun ọmọ mi obìnrin ni mò ń dì nínú àpátímẹ́ǹtì wa ní Brays Oaks lókè òkun níbí, apá kan ti tán, apá kejì ṣì wà ní wúruwùru, nígbà tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi pè. Iléeṣẹ́ epo tó dá òun àti ọkọ mi dúró ní Deer Park ti ń pe àwọn òṣìṣẹ́ padà, àmọ́ wọn ò ní pe ẹnikẹ́ni tó bá àwọn tó wọ́de rìn lọ sí ẹnu géètì lọ́sẹ̀ tó kọjá láti béèrè iṣẹ́. Ọkọ mi ló sì gbé pátákó níwájú.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ni ọ̀rẹ́ náà wí. "Èmi ò bá wọn rìn. Wọ́n ti pè mí."

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo ṣí fíríìjì, mi ò mọ ohun tí mò ń wá níbẹ̀. Ọkọ mi ti wá iṣẹ́ mìíràn lọ, mi ò pè é, torí ọgbọ́n ti dé sí mi lórí. Àwọn àgbà ṣáà ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ẹ̀ ṣe. Nílé wa lọ́hùn-ún, bí ọ̀gá bá bínú sí èèyàn, àgbàlagbà la máa ń mú lọ bá a. Mo bá pe bàbá ìjọ wa, àwọn ló ń parí ìjà tọkọtaya gbogbo ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Gbé mọ́tò jáde," ni bàbá wí. "Ọ̀gá wo la ò lè bẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé bàbá àti ọmọ mi, mo sì gba fíríwéè lọ sí The Woodlands, níbi tí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà wà, bí ẹni tí iná ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Bí obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe yọ sí wa, bàbá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi náà ti kúnlẹ̀. Obìnrin náà figbe ta. Ó rò pé bàbá ti dákú, pé òkú ni mò ń gbàdúrà lé lórí.

"Ẹ má pariwo, màmá, ẹ̀bẹ̀ ni," bàbá ń wí nílẹ̀, ní Yorùbá. Kí n tó rí gẹ̀ẹ́sì tí màá fi ṣàlàyé, áńbúláǹsì ti dé. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá, wọ́n rọra sìn wá jáde. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ ọkọ mi lẹ́nu wa.

Nínú mọ́tò, bàbá ní, "A ò rí iṣẹ́ gbà o, àmọ́ wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tá a délé tá a ròyìn fún ọkọ mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ó dúpẹ́, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó padà wọlé ló tó bi mí pé, "Kí ni mo ṣẹ̀ wọ́n tí ẹ fi lọ bá mi bẹ̀bẹ̀?" Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ì bá sàn kó pariwo.

Wọn ò pè é padà títí dòní. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe kiri ilé àwọn èèyàn báyìí. À ń jẹun, àmọ́ bí fóònù bá dún, àyà mi ṣì máa ń já. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí ọmọ wa náà béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ní ṣé nǹkan burúkú ni dádì òun ṣe. Mo gbé e lé itan.

"Rárá o, ọmọ mi," ni mo wí. "Dádì ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló ba Mọ́mì."