Ọjọ́ Tí Mo Pòórá Lójú Kámẹ́rà

Bàbá mi ti sọ tiẹ̀ tán. Tí àjèjì kan ṣoṣo bá lè sọ ní gbangba pé òun fẹ́ ka ìwé mi, kí n máa kọ̀wé lọ. Tí kò bá sí, lọ́jọ́ Monday, ó di ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ní Dópémù, kí n lọ kọ́ṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù.

Kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Èmi tí mo sá kúrò ní yunifásítì pé mo fẹ́ di òǹkọ̀wé. Ìwé ọ̀hún ti jáde ṣá. Inú páálí ló wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, ó ń gbádùn òkùnkùn. Mo ti yọjú lórí búlọ́ọ̀gì mélòó kan, ẹnì kan náà ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ níbi gbogbo: àbúrò mi obìnrin. "Ìwé yìí dùn gan-an o!" Kò tíì kà á.

Ó wá ku ti obìnrin kan tó ń gbé òkè òkun, tó ní búlọ́ọ̀gì ìwé Yorùbá. Fídíò ni tiẹ̀, lójú ẹsẹ̀, táwọn èèyàn á máa wò, tí wọ́n á máa kọ ọ̀rọ̀ wọlé. Ọ̀sán Sátidé ló dá fún mi.

A ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi mú iná lọ.

Ilé tá a háyà n'Ígàndó ní òfin kan: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án, torí oorun bàbá onílé. Àwọn bàbá bàbá wọn ló ni gbogbo ilẹ̀ àdúgbò yẹn. Tí wọ́n bá ní kí ẹ̀fọn dákẹ́, á dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú kí n tó rà á ní tòkúnbọ̀. Mo yá jẹnẹrétọ̀ kékeré lọ́wọ́ aládùúgbò, mo gbé e sẹ́yìn ilé, mo fà á. Ó bú sígbe.

Bàbá mi gba fóònù àbúrò mi, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo fídíò náà látibẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo tó ń yìn mí lórí búlọ́ọ̀gì ṣe di odi nìyẹn.

"Ẹ sọ fún wa nípa akọni inú ìwé yín," obìnrin náà ní.

Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ dáadáa ló wà lọ́rùn mi. Ṣòkòtò pénpé tí mo fi ń sùn ló wà nísàlẹ̀, torí ta ló máa rí i? "Akọni mi kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni," ni mo wí. "Ó ti sú ìran tiwa, ká máa dọ̀bálẹ̀ kiri."

"Ẹ̀yin fúnra yín náà ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Láéláé!"

Àwọn èèyàn ń wò. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Mo wá gbọ́ sílípáàsì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, páà, páà, àti ọ̀pá tó ń kan sìmẹ́ńtì. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, bàbá onílé yọjú. "Ta ló tan ìranù yìí?"

Ara mi ò bi mí léèrè. Kí n tó mọ̀, àyà mi ti wà nílẹ̀. "Ẹ káàsán sà! Ẹ má bínú sà!" Lójú kámẹ́rà, àga lásán ló kù.

"Dìde jàre! O ò mọ̀ pé mò ń sùn ni?"

"Mo mọ̀ sà."

"O mọ̀, o tún tàn án! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo láptọ́ọ̀pù.

"Háà! Ẹ káàsán sà!" Obìnrin náà ni. Nígbà tí mo fi máa dìde, ó ti kúnlẹ̀ lọ́hùn-ún. Àga tiẹ̀ náà ti ṣófo.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé òtútù ò pa yín jù? Ọmọ yìí ń dí mi lóorun o."

"Ẹ bá wa forí jì í sà. Ìwé tó kọ la ń sọ."

Bàbá kọjú sí mi. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọmọkùnrin kan ni sà... tí kì í dọ̀bálẹ̀."

"Fún ta ni?"

"Fún ẹnikẹ́ni sà."

Wọ́n wò mí látorí eruku àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi dé ṣòkòtò pénpé, tí gbogbo ayé ti ń wò báyìí. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn lórí búlọ́ọ̀gì kankan. "Ó jìyà sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ pa ẹ̀rọ yẹn."

Mo pa á. Láptọ́ọ̀pù kú. Mo jókòó sínú ooru, mò ń ronú alumíníọ̀mù.

Bàbá mi wọlé pẹ̀lú fóònù, àbúrò mi tẹ̀ lé e. Bàbá mi rọra ń ka ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan kọ sísàlẹ̀ fídíò náà: "Ẹ̀rín pa mí o. Níbo ni mo ti lè rí ìwé yìí? Mo fẹ́ mọ irú ìyà tó jẹ ẹ́." Ó gbójú sókè. "Ta lẹni yìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n sà."

Ó yíjú sí àbúrò mi. "Àbí ìwọ ni?"

"Dádì, ọwọ́ yín ni fóònù mi wà."

Ó dá fóònù padà fún un. "Bàbá onílé ló tà á," ó ní, "kì í ṣe ìwọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Mú ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó o lọ fún wọn, kó o sì bẹ̀ wọ́n dáadáa."

"Monday wá ńkọ́ sà?"

"Ẹnì kan ni mo wí. Ẹnì kan ti dé. Lọ wọ ṣòkòtò."