Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Ṣì Túmọ̀

Ní ọjọ́ Àtàlátà, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni ìyá mi sọ fún mi pé kì í ṣe orúnkún ló ń dá òun dúró sílé lọ́jọ́ Jímọ̀. A wà nínú takisí, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Adjamé, àdúgbò ọlọ́jà kan ní ìlú onífaransé tí à ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń fi orúnkún bojú. Bó bá ti tẹríba lórí ìrun, ìtọ̀ díẹ̀ á já lára rẹ̀, àlùwàlá rẹ̀ á sì bà jẹ́.

Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde kúrò láàárín àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí, tí gbogbo wọn ń wò mí. Mi ò fẹ́ ẹ̀kẹta.”

Mo mọ̀ pé àwọn ààfáà ní ìrọ̀rùn fún irú èyí. Kì í ṣe òfin ló ń dà á láàmú, ìtìjú ni.

Ọmọ mẹ́fà ló bí, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Mi ò lè sọ pé ọmọ bíbí nìkan ló fà á, torí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ ró ti dẹ̀, ó sì kọ ìwé fún wa lọ sọ́dọ̀ kiné kan ní Marcory, obìnrin tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá tí irú iṣan bẹ́ẹ̀ fi ń lágbára padà.

Èmi ni ògbufọ̀. Ìyá mi gbọ́ Faransé ọjà, kò gbọ́ ti ilé ìwòsàn. Kiné ní, “Serrez.” Mo rò ó díẹ̀, mo ní, “Ẹ fún ìsàlẹ̀ yín, ẹ ka ení dé àrún, kẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀.” Ó dá mi lójú pé ó bá a mu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é láìfo ọjọ́ kan. Ìtọ̀ náà ń pọ̀ sí i. Mo ti ń gbà lọ́kàn mi pé ìtọ́jú náà kò wúlò.

Nígbà tí a padà lọ, kiné gbé ọwọ́ lé e nísàlẹ̀ ikùn, ó ní kó ṣe é kí òun rí. Ó yíjú sí mi.

“Ó ń tì í jáde bí ẹni tó ń rọbí. Kí lo sọ fún un?”

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá mi bó ṣe ń ṣe é.

“Bí o ṣe wí náà ni. Béèyàn bá fún aṣọ, ṣé omi kì í jáde ni?”

Mo ṣàlàyé fún kiné. Ó ní kí n sọ pé kó ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Mo rọra sọ ọ́.

“Afẹ́fẹ́ wo? Ìsó lò ń pè bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Kéèyàn mú ìsó mọ́ra lórí ìrun? Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń ṣe ìyẹn. Ìwọ tó gba líséǹsì ní yunifásítì, o ò mọ ‘mú un mọ́ra’?”

Ó sì mú un mọ́ra. Ọwọ́ kiné ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, “Voilà,” pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí: “serrez” lè jẹ́ ‘fún’, ó sì lè jẹ́ ‘mú mọ́ra’. Ohun tí a bá fún, ṣe ni à ń lé nǹkan jáde lára rẹ̀. Ohun tí a bá mú mọ́ra ń wọlé, ó sì ń gòkè. A tún ń pe ìfaradà bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ti mú ìtìjú mọ́ra fún oṣù mẹ́ta kó tó fẹnu sọ ọ́.

Ó ṣe eré náà fún oṣù méjì sí i. Ó ní ó ti dín kù. Mi ò ní ẹ̀rí ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ ìró kan, mo ká a, mo fi sínú báàgì rẹ̀ bó bá fẹ́ pààrọ̀. Èmi kò kírun lọ́jọ́ náà, mo dúró níta lẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin. Kò jáde títí wọ́n fi sálámà. Nígbà tí a délé, mo ṣí báàgì náà. Ìró náà wà bí mo ṣe ká a.