Ọ̀pọ̀lọ́ Tó Fẹ́ Kọ́ Mi Bí Wọ́n Ṣe Ń Mí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ n fẹnu ara mi ròyìn ẹ̀sín tó bá mi ní Iléṣà kí ẹlòmíì tó bá mi rò ó, torí fídíò ẹ̀ ti wà níta. Ẹni tó bá ti rí i, kó panu mọ́. Ẹni tí ò tíì rí i, kó má wá a. Mo mọ̀ pé ẹ máa wá a.

Ẹ̀rù èrò ń bà mí. Mi ò sọ pé ojú ń tì mí díẹ̀ o! Láàárín ẹni mẹ́ta, mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ráyè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé màìkì fún mi báyìí, ó tán! Àyà mi á máa lù kì-kì-kì, orúkọ bàbá mi gan-an á fò lọ lórí mi.

Ohun tó lé mi kúrò ní pólì nìyẹn. Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ nínú yín pé sítíráìkì ló sú mi. Irọ́ ni! Sẹ́mínà ni. Wọ́n ní kí n jáde wá ṣàlàyé iṣẹ́ mi níwájú kíláàsì. Mo jáde, mo sọ "Good morning" lẹ́ẹ̀mẹta, ìkẹrin ò jáde. Mo ní mo fẹ́ lọ mumi. Omi tí mo lọ mu nìyẹn, ọdún mẹ́rin rèé, mi ò tíì padà dé. Àwọn kan fi yunifásítì sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Èmi sá fún màìkì.

Ìyá mi, tó ń ta ọṣẹ dúdú l'Óṣogbo, ò bá mi jà. Ó kàn mú mi lọ sí Iléṣà, ó fà mí lé Màmá Délé lọ́wọ́, télọ̀ kan tí wọ́n ti jọ mọra tipẹ́. Ìjẹ̀ṣà paraku ni ọ̀gá mi yìí. "Uṣẹ́" ló máa ń pe iṣẹ́, tó bá sì ti ní uṣẹ́ ò tíì tán, ẹ gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo mọ aṣọ rán o! Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mi ò ti ní bú ara mi.

Wàhálà wá ni fírídọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ télọ̀ tiwa lófin kan: ẹni tó bá fẹ́ gbòmìnira gbọ́dọ̀ dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kó gba màìkì, kó sọ orúkọ ara ẹ̀ àti ti ọ̀gá ẹ̀, kó búra pé òun ò ní já kọ́sítọ́mà ọ̀gá òun gbà, kó tún dáhùn ìbéèrè kan lọ́wọ́ Alága. Tí o ò bá lè sọ ọ́, kò sí sátífíkéètì, ó dọdún tó ń bọ̀. Tí ò bá sì sí sátífíkéètì, wọn ò ní jẹ́ kí o ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti kó ọṣẹ ẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, ó ti kùn ún, ó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síbẹ̀ dè mí. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Ràṣídì òun máa parí nǹkan kan láyé ẹ̀.

Nǹkan kan! Ẹ ò rí bó ṣe sọ ọ́?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló yẹ kí ọlọ́gbọ́n èèyàn ṣe? Kó dúró níwájú dígí kó máa fi kọ́ra ni. Èmi gbé fóònù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lè rí ọjà yẹ̀yẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí n fojú fò ó. Èmi ni mo ra ṣíbí tó ní fáànù lórí, tí wọ́n ní yóò máa fẹ́ ògì gbígbóná. Ó fẹ́ ẹ lóòótọ́. Ó fẹ́ ẹ sí mi lójú. Èmi náà ni mo ra agbòjò tí wọ́n ń dé sórí bíi fìlà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tójò rọ̀, atẹ́gùn gbé e lọ, díẹ̀ ló kù kó gbé mi mọ́ ọn.

Lọ́tẹ̀ yìí, fídíò kan ló yọ sí mi. Ọkùnrin kan wọ kóòtù, ó ń gbọ̀n níwájú èrò. Ó yọ nǹkan kékeré kan tó ń dán bíi fàdákà lápò, ó wò ó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni mu oyin. Èrò ń pàtẹ́wọ́! Wọ́n ní ẹ̀rọ ìmí ni. Tó bá tanná àwọ̀ ewé, kó o fa èémí sínú. Tó bá di búlúù, kó o dá a dúró. Tó bá di pupa, kó o tú u jáde. Ẹ̀rù parẹ́! Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré ni báyìí, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ̀dínwó parí. Aago kan wà níbẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú yẹn lọ sílẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó padà dé, aago yẹn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé kò yẹ kí n fura? Mo fura! Mo fura pé wọ́n fẹ́ràn mi ni, wọ́n ń dúró dè mí. Mo sanwó.

Ohun tó dé, ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ onírọ́bà, tí ojú ẹ̀ kan ga ju ìkejì lọ, tí bọ́tìnnì wà lábẹ́ ikùn ẹ̀. Bísọ́lá, témi àti ẹ̀ jọ fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù, wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó, ó ní ṣé wọ́n kọ́kọ́ gba fọ́tò mi kí wọ́n tó ṣe é ni. Ẹ má dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ó ń tanná. Mo tilẹ̀kùn mọ́rí, èmi àti ọ̀pọ̀lọ́ jọ ń mí. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti ń ṣiṣẹ́ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga. Mo tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí "Good morning" ṣe báyìí!

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Ìyá mi ti dé láti Òṣogbo pẹ̀lú ìyá méjì ládùúgbò wa, ó jókòó síwájú, hìjáàbù tuntun lórí. Bísọ́lá kọ́kọ́ sọ tiẹ̀, ó ń já geere. Alága bi í pé tó bá ṣèèṣì gé aṣọ kọ́sítọ́mà kù, tí ò tó o mọ́ ńkọ́? Ó ní òun kì í gé aṣọ kù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n pe Ràṣídì.

Mo gba màìkì lọ́wọ́ ọ̀tún, mo di ọ̀pọ̀lọ́ mú lọ́wọ́ òsì, mo tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé: mo fa èémí sínú. Búlúù: mo dá a dúró. Mo ń retí pupa.

Búlúù.

Mo ní bóyá báyìí ló ń ṣe tí èrò bá pọ̀. Búlúù. Etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn mí? Mo sanwó! Ẹni tó bá ti sanwó kì í tètè gbọ́n. Ojú mi ràn, ọrùn mi wú. Alága rò pé àdúrà inú ni mò ń gbà, bàbá dijú, ó ní "Àmín." Obìnrin kan lẹ́yìn figbe ta pé wárápá ni, kí wọ́n wá omi. Òmíì ní rárá o, ayọ̀ ló pọ̀ jù fún ọmọ náà.

Ni mo bá bẹ́. Fùùùù! sínú màìkì, bí ìgbà tí fọ́kánáísà bá tú táyà. Itọ́ mi bà sí fìlà Alága. Ọ̀pọ̀lọ́ jábọ́, ó fò lẹ́ẹ̀mejì lórí símẹ́ǹtì. Ìgbà tó balẹ̀ tán ló tó wá di pupa.

Ẹ̀rín! Ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn rí. Gbogbo fóònù ló dìde.

Mo wo ilẹ̀kùn. Mo kàn wò ó ni o, àmọ́ ẹni tó bí mi mọ̀ mí. Ìyá mi dìde, ó gbé àga ẹ̀, ó lọ gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà.

Alága nu fìlà ẹ̀, ó ní ó jọ pé ọmọ yìí ò tíì pọ́n, kí wọ́n jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Màmá Délé ní, "Bàbá Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Ó rìn wá bá mi, ó yọ píìnì mẹ́ta láyà bùbá ẹ̀.

"Ràṣídì, lanu."

Mo lanu. Ó fi píìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáàárín ètè mi.

"Ọdún mẹ́ta lo fi ń fi píìnì sẹ́nu yí kọ́sítọ́mà ká. Mélòó lo gbé mì?"

Mo mi orí pé kò sí.

"Ó dáa. Mí bó o ṣe ń mí nídìí uṣẹ́."

Ẹ̀yin tí kì í ṣe télọ̀, bó ṣe rí nìyí. Tá a bá ń di aṣọ mọ́ èèyàn lára, ètè la máa ń fi gbá píìnì mú kọ́wọ́ méjèèjì lè ráyè. Tí píìnì bá wà lẹ́nu ẹ, o ò gbọ́dọ̀ mí hẹlẹhẹlẹ, àfi tó bá wù ẹ́ kó bá ọ̀nà ọ̀fun lọ. Imú lo máa fi fà á, jẹ́jẹ́, imú náà lo máa fi tú u, kó sì pẹ́ ju bó o ṣe fà á lọ. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi rí, ara mi ló mọ̀ ọ́n. Mo fà á. Mo tú u. Mo tún fà á. Àyà mi tó ń sáré, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀.

Alága ní ṣé píìnì yẹn ló máa bá mi búra ni? Mo yọ ọ̀kan, mo fi há ọwọ́ bùbá mi. Mo yọ èkejì. Mo yọ ẹ̀kẹta. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ ti fò lọ, ó ṣeun. Mo sọ orúkọ mi. Mo sọ ti ọ̀gá mi. Mo búra. Ohùn mi ń gbọ̀n bí abẹ́bẹ̀, àmọ́ ó ń jáde.

Alága wá bi mí ní ìbéèrè tó bi Bísọ́lá. Ọdún Iléyá ku ọ̀la, mo gé aṣọ kọ́sítọ́mà kù, kí ni màá ṣe?

Mo ní, "Bàbá, màá kọ́kọ́ fẹ́ sá." Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Mo ní mo mọ ara mi, ẹsẹ̀ mi yá. Ṣùgbọ́n màá pè é, màá fi ohun tí mo bàjẹ́ hàn án, màá dúró síbẹ̀ kó bú mi tẹ́rùn, lẹ́yìn náà màá lọ ra òmíì.

Bàbá dé fìlà ẹ̀ padà. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè yìí, gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn kì í gé aṣọ kù, òun náà sì ti gé tó àádọ́ta kù láyé òun. Bísọ́lá ń wolẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́!

Bàbá ní kí ìyá mi máa gbé àga ẹ̀ bọ̀ níwájú, wàhálà ti tán. Ìyá mi ní rárá o, ẹ ṣeun sà, kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí sátífíkéètì náà ná. Ẹnu ọ̀nà ló wà tí bíírò fi kúrò lórí ẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ta ọ̀pọ̀lọ́ fún mi. Wọ́n ní iná ò di pupa torí pé mi ò mí dáadáa, pé ńlá ẹ̀ wà ní ẹ̀dínwó. Ẹ bá mi dúpẹ́, ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì ìrajà kí n tó rántí ara mi!

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Èémí tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń tà padà fún wa, èmi dẹ̀ tún san owó dẹlífárì lé e. Tẹ́rù bá ń bà yín, ẹ wo iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń mí nídìí ẹ̀, ẹ mí bẹ́ẹ̀. Ẹ má lọ fi píìnì sẹ́nu o! Télọ̀ nìkan ni mò ń bá wí níbẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ máa ń ṣe tí màìkì bá kàn yín? Ẹrù wo lẹ ti rà tó yàtọ̀ sí fọ́tò ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má wá sọ fún mi pé ẹ ò ra nǹkan kan rí, torí mo rí orúkọ yín lábẹ́ fídíò ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, ẹ̀ ń bèèrè pé èló ni.