Aṣọ Funfun Lórí Yìnyín

Òórùn ìbọ̀sẹ̀ tútù, tùràrí àti ẹyin bíbọ̀ ló kún inú bọ́ọ̀sì tó gbé wa láti Peckham ní London lọ sí Scotland, èébì sì ń gbé mi títí a fi débẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, a fẹ́ lọ gbàdúrà lórí òkè bí àwọn òbí wa ti máa ń ṣe nílé. Ṣùgbọ́n òkúta àti koríko ni òkè tí àwọn òbí wa mọ̀. Yìnyín ti rọ̀ sórí tibí fún odindi ọjọ́ méjì.

Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn, torí ojú ń tì mí láti ti àwọn àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi náà ni òyìnbó tó ń ṣọ́ òkè rí bá sọ̀rọ̀. Ó ní yìnyín tuntun náà kò tíì lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀; pé kí a má gba ibi tó dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, níbi tí atẹ́gùn kó o jọ sí, torí ẹsẹ̀ ènìyàn lásán lè mú un ya. Ó ní ibi tó tẹ́jú, tó jìnnà sí ìdí òkè, ni kí a gbà, kí a sì máa jìnnà síra wa. Ó ní kí n sọ fún olórí wa. Mo mi orí bí alángbá.

Mo rò ó títí kí n tó lọ bá Wòlíì, olórí wa tí gbogbo ìjọ ń pè ní Daddy. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yẹn ní yìnyín lè ya lù wá."

Ó yíjú sí ìjọ. "Ẹ gbọ́ o, sister wa ti di wòlíì àwọn òyìnbó!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mummy mi fà mí lápá. "Má dójú tì mí, jàre."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo dákẹ́, mo sì rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mò ń hù.

Nígbà tí a dé ìdí gẹ̀rẹ́ náà gan-an, Wòlíì ní ilẹ̀ mímọ́ ni, kí a bọ́ bàtà. A bọ́ ọ. Òun ní òun á dúró lápá kan, láàárín igi, láti máa fi àdúrà tì wá lẹ́yìn. Kò bọ́ tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dáadáa.

A so ọwọ́ pọ̀, à ń kọrin bí a ti ń gun gẹ̀rẹ́ náà, Mummy ló ṣíwájú. Nǹkan kan dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí ìgbà tí wọ́n ju àpò ìrẹsì sílẹ̀. Ilà kan là lókè wa, yìnyín sì ya. Ó gbá àwa tó wà lẹ́yìn ṣubú. Ó gbé Mummy lọ.

Aṣọ funfun nínú yìnyín funfun: a wò títí, a ò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá ni mo rí gìgísẹ̀ dúdú kan tó yọ síta bí orí iṣu nínú ebè. Ọwọ́ àti abọ́ oúnjẹ la fi wà á jáde. Yìnyín kún ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mí. Ẹ̀yìn ìgbà tó mí ni Wòlíì tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Mummy méjì tí òtútù ti pa ni wọ́n gé nílé ìwòsàn. Nígbà tí Mummy padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì ní òun rí áńgẹ́lì tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìjọ pariwo halelúyà. Ó na makirofóònù sí mi: "Sister, jẹ́rìí."

Mo ní, "Ẹ yin Olúwa." Mo dá makirofóònù padà fún un.

Arúgbó ni mò ń tọ́jú ní Lewisham báyìí. Ìgbẹ́ àti èébì kì í rí mi lára. Ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà ló ń rí mi lára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mummy ní Wòlíì tún ń kọ orúkọ àwọn tó máa lọ sórí òkè, òun sì ti fi orúkọ òun náà sílẹ̀. Mo wá sọ ọ́ fún un nígbẹ̀yìn: Wòlíì gbọ́ ìkìlọ̀ òyìnbó yẹn, kò bọ́ bàtà, ó sì dúró láàárín igi.

Mummy wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n fún ẹ ní makirofóònù?"

Ó wá lọ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn tó ń lọ sórí òkè.