Fọ́tò Kòkòrò Inú Àgbàdo Wa

Ní ọdún tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ mi wá sí Ìlọ́fà, tí a fi kó kúrò ní Ìlọrin, èmi àti ìyá rẹ̀ jọ gbin àgbàdo sí oko wọn lẹ́yìn Ọ̀sí. Aṣọ ni mò ń tà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa oko kò ju kí n jẹ ohun tó bá ti ibẹ̀ wá. Màmá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ebè àti bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo.

Àgbàdo náà hù dáadáa. Nígbà tó ga dé orúnkún mi, a dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kan, a rí i pé nǹkan ti lu ewé rẹ̀ ní ihò káàkiri. Ohun kan tó dà bí lẹ́búlẹ́bú pákó kún àárín ewé, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Màmá tú ọ̀kan wò, kòkòrò kan ká jọ síbẹ̀. Wọ́n ti ń dáko láti kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n ní irú jíjẹ báyìí ṣàjèjì sí àwọn.

Ọkọ mi fún mi ní nọ́ńbà ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìlọ́fà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Mo pè é, ó ní òun kò lè tètè ráyè wá, kí n ya fọ́tò kòkòrò náà ránṣẹ́ sí òun lórí Wáásáàpù.

Màmá wò mí títí. "Ìyàwó wa, ṣé fọ́tò ló máa pa kòkòrò?"

"Rárá o, Màmá. Ẹni tó máa sọ ohun tí a máa ṣe fún wa ló fẹ́ wò ó."

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ oko, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Inú mi dùn sí ohun tí mo yà: àgbàdo tutù yọ̀yọ̀, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Kí a tó délé ni èsì ti dé.

"Oko yín dára, mà, ṣùgbọ́n kòkòrò ni mo fẹ́ rí."

Lẹ́yìn tí a kírun Àílà tán, a padà lọ. Oòrùn wà lágbárí wa. Mo fi ìka méjì fa àwòrán náà kí kòkòrò lè tóbi, ó kàn rí ṣákaṣàka ni. Mo wá gbé fóònù sún mọ́ ewé títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, gbogbo rẹ̀ sì ṣú pọ̀. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀dọ́kùnrin náà ka ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù, ó ń rọra sọ̀rọ̀ kí n má bàa rò pé ó ń bá mi wí.

"Mi ò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí, mà. Ẹ má fi ìka fà á tóbi mọ́. Ẹ sún mọ́ ọn, àmọ́ tó bá ti ń ṣú, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ẹ wá fi ìka tẹ kòkòrò náà lójú fóònù, kí fóònù lè mọ̀ pé òun lẹ̀ ń wò. Ẹ kọ́kọ́ nu ojú kámẹ́rà yín. Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀, oòrùn ọ̀sán ti le jù."

Màmá ní kí n tún un gbé sí i kí àwọn náà gbọ́.

Nígbà tó di àárọ̀, mo yí ẹ̀yìn fóònù mi wò. Òróró tí mo fi dín àkàrà ti bo ojú kámẹ́rà náà. Mo fi etí híjáàbù mi nù ún dáadáa. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń mi ewé, ìtànṣán oòrùn sì ti ń kọ mànà lórí ìrì. Màmá di ewé náà mú ṣinṣin lọ́wọ́ kan, wọ́n fi ọwọ́ kejì na ìborùn wọn síta kó lè ṣíji bò ó. Mo kúnlẹ̀, mo fún ìgbọ̀nwọ́ mi mọ́ ìhà.

"Màmá, ẹ má mí o."

"Ṣé kí n kú ni?"

A bú sẹ́rìn-ín, fóònù gbọ̀n, fọ́tò yẹn bàjẹ́. A tún un ṣe. Mo fi ìka tẹ kòkòrò náà, mo dúró kí ojú fóònù rọra mọ́, mo wá yà á.

Gbogbo rẹ̀ ló hàn. Irun tín-tìn-tín ara rẹ̀ hàn. Ìlà funfun kan wà níwájú orí rẹ̀, ó pín sí méjì bí igi rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, tí a wá dorí rẹ̀ kodò. Àmì dúdú mẹ́rin wà nítòsí ìdí rẹ̀. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e jìnnà sí ojú wọn.

"Ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ mi náà nìyí? Wo orí ẹ̀!"

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ́kùnrin náà kò kọ̀wé, kò sì ka ohùn ránṣẹ́, ó pè. Ó ní ìlà orí yẹn ti jẹ́ kí òun dá a mọ̀, pé ó máa ń ba oko jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n a tètè rí i. Ó ní kí a máa ṣà wọ́n láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí a máa pa wọ́n, kí a sì da eérú sí àárín ewé. Tí kò bá lọ, kí a pe òun kí a tó ra oògùn kankan.

A ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà sú mi, mi ò ní purọ́, ọwọ́ mi ń rùn bí ewé títí di ìgbà tí mo bá fẹ́ sùn. Apá tó kọjú sí odò kò là á. Ìyókù so, ọmọ rẹ̀ sì gbó. A sun nínú rẹ̀ jẹ lóko, èmi àti Màmá, a ń fẹ́ ẹnu sí i torí ó gbóná. A tún fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìlọrin.

Lẹ́yìn ìkórè, Màmá ní kí ọmọ wọn ra fóònù tó ń ya fọ́tò fún àwọn. Èmi ni mo ń kọ́ wọn. Àwọn fọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ yà, ìka wọn ló kún inú ẹ̀, wọ́n sì máa ń bá fóònù jà pé ó yára jù.

Lọ́dún yìí, mo wà nílé àwọn òbí mi ní Ìlọrin nígbà tí fọ́tò kan wọlé. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú ebè ni. Ìrì wà lórí ewé méjèèjì, gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara, a tiẹ̀ rí erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo pè wọ́n.

"Màmá, ta ló ya eléyìí?"

"Ta ló tún máa yà á? Èmi ni. Tètè máa bọ̀ jàre, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀. Ìyókù wà níbí tí a máa gbìn."