Ẹ̀kọ́ Gìtá Tí Mo Pa Tì ní Òkèrèwè

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Ogbó kí n tó mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n ta.

Tíṣà ìṣirò ni mí. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo lọ rí òbí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan nínú agbo ilé kan ní Òkèrèwè. Bí mo ṣe ń jáde ni mo gbọ́ gìtá láti ojú fèrèsé ilé kejì. Mo dúró. Ohùn kan ń lọ jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, òmíràn ń kọrin lókè rẹ̀, mo sì rò pé ènìyàn méjì ló jókòó síbẹ̀. Mo yọjú. Màmá àgbàlagbà kan ṣoṣo ni mo rí. Awò wà lójú wọn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré kan, gìtá sì fara ti àyà wọn bí ọmọ tí oorun ń kùn.

"Ẹ káàsán, mà," ni mo wí. "Ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń ta gbogbo ìyẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èmi àti àwọn ìka mi ni. Wọlé."

Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n nìyẹn. Olùkọ́ orin ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ wọn ti kú, wọ́n sì ti padà sí ilé bàbá wọn, níbi tí àwọn àti àbúrò wọn obìnrin jọ ń gbé. Wọn kì í ta gìtá níta. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń ta á, wọ́n sì máa ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́.

Mo ní mo fẹ́. Wọ́n gbé gìtá fún mi, wọ́n ní kí n ta nǹkan kí àwọn gbọ́. Mo sáré ta orin ìyìn kan pẹ̀lú gbogbo ọ̀ṣọ́ tí mo máa ń fi sí i lọ́jọ́ Ìsinmi. Màmá kò wo ojú mi rárá. Ọwọ́ òsì mi ni wọ́n ń wò.

"Ọrùn gìtá lò ń fún pa yẹn," ni wọ́n wí. "Kí ló ṣe ẹ́?"

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n di àtàǹpàkò mi mú, wọ́n tì í sẹ́yìn ọrùn gìtá. "Ibí ni kó wà. Bí o bá tẹ okùn lẹ́bàá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí gan-an, kò béèrè agbára lọ́wọ́ ẹ. Agbára tí o ń lò yẹn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọwọ́ á sọ pé òun ò ṣe mọ́."

Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò ta orin kankan. Wọ́n fi sáńpépà káfíńtà kọ́ mi bí a ṣe ń dán ṣóńṣó èékánná ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n gba ike pẹlẹbẹ tí mo fi ń ta okùn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ìka ni ká lò. Ìka ìlábẹ̀, ìka àárín, ìka ìlábẹ̀, ìka àárín, lórí okùn kan ṣoṣo. "Bí ẹni ń rìn ni," wọ́n á ní. "Ẹsẹ̀ kan náà kì í gbé ìṣísẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Rọra. Bí o bá fi ìkánjú kọ́ ọ, ìkánjú lo máa mọ̀."

Ìtìjú ló jẹ́ fún mi. Èmi tí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní ọ̀gá! Mo máa ń dé ilé láti ibi iṣẹ́, kí n gbé gìtá, kí n ta okùn kan yẹn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n sì yí padà sí àwọn orin tó yá mi lára. Tó bá di Sátidé, Màmá á béèrè bóyá mo ta á lójoojúmọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n á gbọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. "Ẹnu ẹ ta á. Àwọn ìka ẹ ò tíì gbọ́."

Síbẹ̀ wọn kò lé mi. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n fún mi ní orin kan, ojú ìwé méjì péré. A wà lórí ìlà àkọ́kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, n kò mọ ohun tí mo ṣe yàtọ̀, àmọ́ ohùn kan jáde láti abẹ́ ìka mi, ó yọ́, ó kún, ó sì pẹ́ kó tó kú. Àbúrò wọn tó ń ṣa ìrẹsì nínú àwo dá ọwọ́ dúró. "Ìyẹn nù un," ni Màmá wí. N kò tíì gba ìyìn kan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ìwé kejì ni ọ̀rẹ́ mi kan pè mí pé wọ́n fẹ́ ṣe àṣálẹ́ orin nínú gbọ̀ngàn kan lọ́gbà yunifásítì, pé òun ti fi orúkọ mi sílẹ̀. Inú mi dùn. Mo lọ sọ fún Màmá.

"Má tíì lọ," ni wọ́n wí. "Ojú ìwé kejì ò tíì jẹ́ tìẹ. Fún mi lóṣù mẹ́ta sí i."

"Mà, mo ti gbà fún wọn."

"Pè wọ́n padà. Ọwọ́ ẹ ṣì le. Bí ẹ̀rù bá bá ọwọ́ tó le, ṣe ló máa ń le sí i."

Mo dìde. Ohun tí mo sọ lẹ́yìn náà, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù níbẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ̀yin náà, níbo lẹ ti ta gìtá rí tí ẹnikẹ́ni fi mọ̀ yín?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n yọ awò, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún. "Kò síbì kankan," ni wọ́n wí. "Mu omi kí o tó lọ."

N kò mu omi náà.

Mo lọ ta orin yẹn. Ìlà àkọ́kọ́ dára. Bí mo ṣe ṣí ojú ìwé kejì, ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo fo apá kan nínú orin náà, mo sì fi ariwo bo àlàfo ibẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn kan dìde. Mo tẹríba, mo sì mọ̀ pé tí Màmá bá wà níbẹ̀, wọn kò ní sọ pé ìyẹn nù un.

N kò lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di ìkẹta, ojú ti ń tì mí láti lọ. Wọ́n pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan. Mo wò ó títí ó fi dákẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń bọ̀ láti Ẹnuwá, ọ̀nà míì ni mo máa ń gbà kí n má baà kọjá níwájú ilé wọn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìdí àtàǹpàkò òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo fi róòbù pa á, mo ń ta gìtá lọ. Ó di pé n kò lè fi ọwọ́ yẹn ṣí ìgò. Oníṣègùn tó ń tọ́jú iṣan ní ilé ìwòsàn di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n fi bí mo ṣe ń ta gìtá han òun. Ó mi orí. "Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé kí ẹ má máa fún un báyìí?"

"Wọ́n sọ fún mi," ni mo dáhùn.

Ọdún kan tún kọjá kí n tó lè kan ilẹ̀kùn ilé wọn. Àbúrò wọn ló ṣí i. Màmá jókòó sórí àga, làkúrègbé sì ti ba ọwọ́ wọn jẹ́. Gbogbo oríkèé ìka wọn ló ti wú, tí wọ́n sì ti tẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jọ láti ilé, àmọ́ bí mo ṣe rí ọwọ́ yẹn, mo dojú bolẹ̀.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀ tútù."

Mo béèrè gìtá wọn. Wọ́n ní àwọn ti fún ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. "Ó ní sùúrù," ni wọ́n fi kún un.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí n kò béèrè. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà léwe, àwọn jáde síwájú èrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ta gìtá. Olùkọ́ àwọn ní kò tíì yá, àwọn ò gbọ́. Ọwọ́ àwọn gbọ̀n débi pé àwọn fi gìtá sílẹ̀ lórí ìtàgé, àwọn sì bá ẹ̀yìn jáde. Àwọn ò padà síwájú èrò mọ́ láé. "Mi ò fẹ́ kó ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọ̀rọ̀ ni mi ò mọ̀ ọ́n sọ."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀ wọ́n. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi. Ohun tí mo rí sọ ni pé, "Ẹ ṣeun, mà."

Wọ́n tún gbà mí. Fún oṣù mélòó kan, wọ́n á di ojú, wọ́n á fi etí kọ́ mi. "Ìka kẹta ló pẹ́ dé yẹn. O tún ń fún un." Bí ogún ìṣẹ́jú bá ti pé, ọwọ́ mi á ní ó tó. Lẹ́yìn náà ọmọ wọn wá mú wọn lọ sí Àbújá fún ìtọ́jú. Màmá ní kí n gba orin olójú ìwé méjì yẹn sílẹ̀ lórí fóònù, kí n fi ránṣẹ́. Mo gbà á sílẹ̀ nígbà mẹ́wàá, mo pa á rẹ́ nígbà mẹ́wàá. Mo fẹ́ kó péye kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Bí mo ṣe ń tún un ṣe lọ́wọ́ ni ìpè wá láti Òkèrèwè pé Màmá ti sùn nínú Olúwa.

Mo lọ kí àbúrò wọn. Òun nìkan ló wà nínú yàrá, àwọn ìwé orin wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Kò mọ ohun tí mo bi Màmá lọ́jọ́ tí n kò mu omi wọn. Màmá kò sọ fún un.

"Ẹ ṣeun, tíṣà," ló wí fún mi. "Ẹ̀yin lẹ yẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sí jù nínú gbogbo àwọn tó kọ́."

Mo ní kò tọ́pẹ́, mo sì gba ọpẹ́ náà.